Búrẹ́dì Tí Mo Fi Wọn Ẹ́ńjìnnì Bọ̀dá Rájí

Ẹ bá mi yí ohùn rédíò yẹn wálẹ̀, kí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọlé wá jókòó. Lánàá tí mẹkáníìkì yín wá tún mọ́tò ṣe, mo rí i tó ki wáyà kan bọ abẹ́ sítíárì, tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tó ń kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà. Kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Kò tilẹ̀ tẹ́tí sí i. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ sì rò pé mo ń fi ọmọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Rárá o. Ohun tó ń dùn mí ni pé ká ní mo ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, tàbí ká ní mo rí amọ̀ aláwọ̀ tí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi fi ń ṣeré, ayé ẹ̀gbọ́n mi ì bá má rí bó ṣe rí.

Òrégún tí ẹ mọ̀ lónìí kọ́ ni Òrégún tiwa. Nígbà tiwa, iléeṣẹ́ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Láago méje àárọ̀, fèrè iléeṣẹ́ kan yóò dún, òmíràn yóò dá a lóhùn láti òdì kejì, títí gbogbo àdúgbò á fi jí. Ìyá yín àgbà kì í wo aago. Fèrè àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ni wọ́n fi ń gbé omi ẹ̀kọ kaná. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá kan, òórùn bisikíìtì ni. Bó bá yí padà, òórùn ọ̀dà ni, ẹ ó sì máa sín títí di ọ̀sán. Nígbà tí Sáápù dé, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí àwọn sójà tó ń ṣèjọba ní ká fara dà á, àwọn fèrè yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kéde. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó kàn rí i pé ẹ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, nítorí fèrè tí ẹ fi ń jí kò dún mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà lábẹ́ igi fúrúùtù kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni yàrá tí mo gbà wà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ti ṣaláìsí, èmi ni mo jókòó síbi tí wọ́n ń jókòó sí. Bí ènìyàn bá gbé mọ́tò wá bá ọ̀gá mi, wọ́n á ní kó tan án, wọ́n á fi ìdí sikirudiráfà gígùn kan ti etí, wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì di ojú. Nígbà tí wọ́n bá là á, wọ́n á ti mọ ibi tí àrùn wà. Èmi náà kọ́ ọ. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bíi kí n di ojú kí n máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó wà ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí epo kò dé ìgúnpá ẹnikẹ́ni nínú yín rí. Písítìnnì ń lọ sókè, ó ń lọ sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Lókè rẹ̀ ni àwọn fáàfù wà, iṣẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á ṣí kí epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n á tún ṣí kí èéfín jáde. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń ti apá kékeré kan, apá yẹn á tẹ fáàfù lórí, ilẹ̀kùn á ṣí. Ìgbà kan wà tí písítìnnì ń gòkè bọ̀ tí fáàfù náà sì ń sọ̀kalẹ̀, àlàfo tó wà láàrin àwọn méjèèjì nígbà yẹn kéré gan-an. Bí wọ́n bá fi lè pàdé, ikú ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni mo máa ń fi ṣe iṣẹ́ tó gba etí. Ìjọba ti ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé kí wọ́n máa gbálẹ̀ títí aago mẹ́wàá fi lù, mọ́tò kankan kò gbọ́dọ̀ rìn. Gbogbo Ìkẹjà á pa lọ́lọ́. Ìgbà yẹn ni mo máa ń tan ẹ́ńjìnnì tí mo ń tún ṣe, tí mo sì ń gbọ́ bí àwọn apá kékeré yẹn ṣe ń tẹ orí fáàfù. Àwọn sójà ká mi mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣàlàyé fún wọn pé mọ́tò náà kò rìn, ó kàn ń mí ni. Wọ́n ní kí èmi náà fò bí ọ̀pọ̀lọ́ kí àwọn lè rí bí mo ṣe ń mí. Mo fò yí igi fúrúùtù po nígbà márùn-ún, sípánà wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Rájí, ìyá kan náà ló bí wa. Ìlúpéjú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ọdún méjìdínlógún ni wọ́n lò nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan wọ́n dé ẹnu géètì, wọ́n bá akọ̀wé kan tó ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti inú ìwé. Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba owó tí wọ́n fún wọn ni wọ́n fi ra mọ́tò Faransé kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, wọ́n ní kabú-kabú ni àwọn á máa fi ṣe láàrin Ifákọ̀ àti Ìkẹjà. Wọ́n fi okùn wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyàwó kan àti ọmọ márùn-ún ló wà nílé, mọ́tò yẹn sì ni gbogbo ohun tó kù fún wọn láyé.

“Àbúrò mi,” wọ́n ní, “ọwọ́ rẹ ló wà.”

Kò sí ẹ̀yà ara mọ́tò tuntun ní gbogbo Èkó nígbà yẹn, àfi kí ènìyàn tú èyí tó ti kú láti fi jí èyí tó ń kú lọ. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí mo rí, ti píkọ́ọ̀pù ni. Orí tí mo dé lé e, ti mọ́tò kékeré ni, wọ́n sì ti fá abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó lè tẹ́jú, ó ti fẹ́lẹ́. Irin oníkókó tó ń yí nísàlẹ̀, tó ń ti àwọn ọ̀pá sókè, mo yọ ọ́ kúrò, mo fi ti ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, kí mọ́tò náà lè fa èrò mẹ́fà gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìmí gúlegúle. Ìṣirò gbogbo rẹ̀ wá yí padà. Orí ti sún mọ́ ìsàlẹ̀, ọ̀pá ti gùn jù, fáàfù sì ń ṣí jìn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo fi èéfín àtùpà kun orí fáàfù títí tó fi dúdú, mo fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, mo wá wo ibi tí apá kékeré yẹn ti nù ún. Bó bá ń nu etí fáàfù, ọ̀pá kò bá a mu. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo láàrin gbùngbùn ni à ń wá. Mo fi fáìlì rẹ́ ọ̀pá díẹ̀, mo tún kun èéfín, mo tún yí i. Ọ̀pá mẹ́jọ ni. Mo ba méjì jẹ́ pátápátá, mo sì fi ẹsẹ̀ rin Agége já kí n tó rí òmíràn. Alágbẹ̀dẹ kan níbẹ̀ ló bá mi mú orí gbogbo wọn le, ó fi iná sun wọ́n títí wọ́n fi pọ́n, ó wá jù wọ́n sínú ọ́ìlì tí mo gbé lọ. Nígbà tí mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo pe ìyá yín àgbà kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ṣé ìdọ̀tí yìí ni mo pè wọ́n sí.

Ó wá ku àlàfo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáàfù àti písítìnnì kò ní pàdé, amọ̀ rírọ̀ ló máa ń fi sórí písítìnnì. Á gbé orí ẹ́ńjìnnì lé e, á dè é, á yí i, á tún tú u. Fáàfù á ti tẹ amọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Á fi abẹ́ gé e, á sì wọn bó ṣe nípọn tó. Àwọn ilé ìtàwé ni a ti ń ra amọ̀ náà, ohun tí àwọn ọmọdé fi ń mọ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Nígbà tí Sáápù dé, àwọn ọmọdé kò rí i lò mọ́, ká má tíì sọ mẹkáníìkì.

Búrẹ́dì la bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìjọba ti fòfin de àlìkámà, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn béékárì ń lọ̀ mọ́ ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tó kù, búrẹ́dì Agége tó máa ń fà bíi rọ́bà wá di nǹkan tó wúwo, tó ń rún. Inú gbogbo ènìyàn bàjẹ́ sí i, àfi inú mẹkáníìkì. Bí o bá pò ó mọ́ omi díẹ̀, tí o fi gírísì pa á lórí, tí o sì tẹ̀ ẹ́, bí o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ náà ló máa wà títí di ọ̀la. Oníbàárà kan wá lọ́jọ́ kan, ó bá òkìtì mẹ́rin níbi tí mo tò wọ́n sí lórí pátákó, ó ti jẹ méjì kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ó ní bọ́tà inú rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ́ńjìnnì bíi mẹ́wàá ni mo ti fi búrẹ́dì yẹn wọ̀n, mi ò ṣì í rí.

Ọjọ́ tó kàn kí n wọn ti Bọ̀dá Rájí, Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé ìmọ́tótó ni. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé nǹkan sábẹ́ agbádá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

“Gbà, kó tó tutù. Fúláwà gidi nìyí o, kì í ṣe àgbàdo.”

“Níbo lẹ ti rí i, Bọ̀dá?”

“Béékárì kan lẹ́yìn réluwé ní Agége. Wọ́n ní àpò fúláwà kan bá ẹ̀yìnkùlé wọlé. Láti ìdájí ni mo ti tò sórí ìlà. Ọkùnrin kan fẹ́ gba iwájú mi, mo ní kó lọ bá sójà jà.”

A jókòó sórí táyà, a bu búrẹ́dì náà. Ó ń fà, ó ń gbóná, ó ń dùn. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti jẹ irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bọ̀dá Rájí di ojú bí mo ṣe máa ń di ojú bí mo bá ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní bó bá di pé mọ́tò ń rìn, àwọn á máa ra irú rẹ̀ wá fún mi ní gbogbo Jímọ̀. Mo ní kí wọ́n máa wí. Nígbà tí a jẹ ẹ́ dé ìdajì, mo gé díẹ̀ nínú èyí tó kù, mo pò ó, mo fi gírísì pa á, mo sì gbé e sórí písítìnnì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo gbé orí lé e, mo dè é, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, mo tú u, mo wọ̀n ọ́n. Àlàfo náà tó, ó tilẹ̀ ju èyí tí mò ń wá lọ. Inú mi dùn. Bọ̀dá Rájí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, “Ṣé ó dáa?” Mo ní ó dáa. N kò ronú kan pé búrẹ́dì àlìkámà kì í gbà kí a tẹ òun mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò ní ilé yìí, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ ó rí i bó ṣe ń wú padà. Láàrin ìgbà tí fáàfù tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó ti wú padà, ó sì fi àlàfo tí kò sí hàn mí. Ọdún mélòó kan tí a fi jẹ búrẹ́dì burúkú ti jẹ́ kí ọwọ́ mi gbàgbé èyí tó dára.

Bọ̀dá Rájí sùn sọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́, mo tan ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dún. Mo fi sikirudiráfà ti etí, n kò gbọ́ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Mo gbé e fún wọn kí àwọn náà gbọ́. Wọ́n tẹ́tí sí i pẹ́ títí, wọ́n wá ní, “Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìhunṣọ mi.”

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi rí jẹ lórí rẹ̀. Ní Iléyá ọdún yẹn, àgbò kan àti ọmọ mẹ́jọ, tiwọn àti ti aládùúgbò, ni wọ́n kó sínú mọ́tò náà láti Ifákọ̀ wá sí Òrégún, àgbò ló jókòó síwájú. Wọ́n san owó ilé ìwé ọmọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òórùn dídùn sára. Nígbà tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì wọn kí n tó gbọ́ fèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan sáré wá pè mí. Ìyàwó ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kan ní ilé tí Bọ̀dá Rájí wà ló ń rọbí, omi ti dà, Bọ̀dá Rájí sì gbé e sínú mọ́tò wọn kí wọ́n lè gbé e dé ọsibítù ní Ìkẹjà. Wọ́n sáré, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n tó wọ Ìkẹjà, nǹkan kan dún gbì nínú ẹ́ńjìnnì, mọ́tò dúró. Awakọ̀ mìíràn ló gbé obìnrin náà dé ibẹ̀, ó sì bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀. Bọ̀dá Rájí ni mo bá létí títì, wọ́n jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fìlà wọn wà lọ́wọ́.

A wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù. Mo tú orí rẹ̀. Fáàfù kan ti já sínú, ó ti fọ́ písítìnnì rẹ̀ yángá. Ìyẹn nìkan kọ́. Mo nu èédú orí àwọn písítìnnì mẹ́ta yòókù, mo rí àpá tó tẹ̀ bí òṣùpá ọjọ́ mẹ́ta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àpá náà ti pẹ́. Láti ọjọ́ kìíní ni àwọn fáàfù ti ń kan orí wọn, díẹ̀díẹ̀ débi pé etí mi kò gbọ́ ọ, lójoojúmọ́, títí ó fi rẹ ọ̀kan, tó sì já. Eré ọjọ́ yẹn kàn parí ohun tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni. Mo rántí búrẹ́dì. Mo jókòó sílẹ̀.

“Kí lo rí?” Bọ̀dá Rájí bi mí.

“Fáàfù ló já.”

“Eré tí mo sá ni, àbí?”

Mo mú àkísà, mo ń nu písítìnnì tí mo ti nù tẹ́lẹ̀.

“Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jù,” wọ́n ní. “Obìnrin yẹn ń ké, ìdí nìyẹn.”

Ẹ fẹ́ mọ ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi ara mi. Mo rò pé n ó kọ́kọ́ tún un ṣe ná, kí n wá sọ ọ́ bó bá ti ń rìn, ká jọ fi rẹ́rìn-ín. Mo wá fáàfù àti písítìnnì kiri gbogbo ibi tí mo mọ̀. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ń rẹ́rìn-ín mi. Mo lọ bá alágbẹ̀dẹ Agége, ó ní òun kò lè ṣe fáàfù. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Eèrà ń rìn nínú ẹ́ńjìnnì. Kò sí ohun tí mo lè ṣe, mo sì ń gbé ara mi lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ láti wò ó. Nígbà tó yá, Bọ̀dá Rájí ta òkú rẹ̀ fún àwọn tó ń gé irin, wọ́n lọ gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní iléeṣẹ́ kan ní Òrégún níbí. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣí géètì fún mọ́tò ẹlòmíràn. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn láti Ifákọ̀, wọ́n á kọjá níwájú mi, wọ́n á ní, “Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹ̀yin kí mi, bí ìgbà tó jẹ́ pé wọ́n ń bẹ̀ mí. Àwọn ọmọ wọn méjì àgbà fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ìgbà mélòó kan ni mo dìde láti lọ sọ ọ́. Mo dé ẹnu géètì náà lẹ́ẹ̀kan, mo bá wọn tí wọ́n ń kí ọ̀gá kan pẹ̀lú ọwọ́ lórí bí sójà, mo sì yí padà.

Àwọn sójà ti padà sí bárékè nígbà tí àìsàn dá Bọ̀dá Rájí gúnlẹ̀ ní Ifákọ̀. Ẹ mọ bí àwa mùsùlùmí ṣe ń ṣe, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá á ranṣẹ́ pe gbogbo ènìyàn, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti bẹ ìyàwó wọn, wọ́n ti bẹ àwọn ọmọ, wọ́n bẹ aládùúgbò tí wọ́n jọ jà lórí omi. Èmi ni wọ́n fi sẹ́yìn. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn yòókù bọ́ síta.

“Àbúrò mi, mọ́tò yẹn.”

“Mọ́tò wo, Bọ̀dá?”

“O mọ èyí tí mò ń sọ. Oṣù mẹ́ta lo fi ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn, o kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi bà á jẹ́. Mo máa ń rí ojú rẹ bí mo bá ń kọjá, mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. N kò tíì bẹ̀ ọ́ bó ṣe yẹ kí n bẹ̀ ọ́.”

Wọ́n fẹ́ dìde jókòó kí wọ́n lè ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo fi ọwọ́ dá wọn dúró, ara wọn kò wúwo mọ́. Mo wo ojú wọn. Mo ro ohun tí wọ́n máa fi òtítọ́ ṣe nírọ̀lẹ́ yẹn, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò ní ẹnu géètì. Mo ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí èmi náà bí n kò bá sọ ọ́. N kò rí ọ̀nà kankan tó dára.

“Dárí jì mí,” wọ́n ní.

Mo ní, “Mo ti dárí jì yín, Bọ̀dá.”

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí oorun fi gbé wọn lọ.